Ilé Tí Kì Í Gba Igbá Ẹnikẹ́ni

Ọkùnrin kan wà tí ó kó aya rẹ̀ àti ọmọ méje kúrò ní ìlú wọn, ó sì lọ tẹ̀dó sí abúlé kan ní Òkè Ọya, níbi tí ọ̀nà ọ̀dà ti tán tí ó ku iyanrìn. Ẹnikẹ́ni kò rán an. Olùkọ́ ni òun, nọ́ọ̀sì ni aya rẹ̀, wọ́n sì ti gbọ́ pé àwọn ọmọ abúlé náà kò ní ilé ìwé, àti pé ibà ń pa àwọn ìkókó wọn. Wọ́n ta ohun tí wọ́n lè tà, wọ́n ní àwọn yóò sìn níbẹ̀ láìgba owó oṣù.

Iṣẹ́ rere ni, n kò sì ní bú u. Bí ó ṣe ṣe é ni mo fẹ́ kí o gbọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n dé, àwọn obìnrin abúlé gbé fúrá àti wàrà wá nínú igbá. Ìyá arúgbó kan ló ṣáájú wọn, Ínnà Díje ni wọ́n ń pè é, ilé rẹ̀ kọjú sí tiwọn. Ọkùnrin náà gbọ́ Hausa dáadáa, torí Sábó ló gbé dàgbà. Ó wo àwọn ọmọ tó tẹ̀lé àwọn obìnrin náà, ó rí bí egungun ìhà wọn ṣe hàn. Ó tẹrí ba, ó ní, "Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ ṣeun. Ẹ gbé e padà fún àwọn ọmọ yín. A kò wá jẹ tiyín, a wá ṣe fún yín ni."

Wọ́n gbé igbá wọn, wọ́n lọ. Ó rò pé òun ti ṣàánú wọn.

Nígbà tí òjò fẹ́ bẹ̀rẹ̀, àwọn ọkùnrin wá pé àwọn fẹ́ bá a bo òrùlé rẹ̀. Ó ní kí wọ́n lọ sinmi, àwọn ọmọkùnrin òun á bò ó. Nígbà tí Iléyá dé, baálẹ̀ fi itan àgbò ránṣẹ́ sí i. Ó fi ọ̀rọ̀ dídùn dá a padà, ó ní kí wọ́n pín in fún àwọn opó. Èyí ká aya rẹ̀ lára.

"Bàbá Ìbídùn," ó ní, "ẹ bá jẹ́ ká gba ti baálẹ̀ yìí. Ojú tí ẹni tó gbé e wá fi lọ kò dáa."

"Bí a bá gba èyí, wọn á tún gbé òmíràn wá," ni ọkọ rẹ̀ dáhùn. "Ebi ń pa wọ́n. Ṣé àwa ló yẹ ká tún máa jẹ lára wọn?"

Ó sì kìlọ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀ pé, "Mi ò fẹ́ kí ẹ máa da àwọn èèyàn yìí láàmú o. Àwa la wá ràn wọ́n lọ́wọ́." Ìbídùn, àkọ́bí wọn obìnrin, tó ti jáde ìwé mẹ́wàá, di ọ̀rọ̀ náà mú bí òfin.

Iṣẹ́ náà sì ń lọ. Ilé ìwé dúró. Ibà kò pa ọmọ bíi ti àtẹ̀yìnwá mọ́. Àwọn ará abúlé ń bọ̀wọ̀ fún wọn gan-an, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ń yà sí ilé wọn kí ó jókòó lásán. Wọ́n á gba oògùn lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á dúpẹ́, wọ́n á yíjú padà.

Ó ṣe, aya rẹ̀ tún lóyún. Wọ́n ti pinnu pé yóò lọ dúró sí ìlú kí oṣù rẹ̀ tó pé. Ṣùgbọ́n ọkùnrin náà kó àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ dání lọ gbé oògùn ní ìlú, òjò rọ̀, odò sì kún lẹ́yìn wọn, ó dá wọn dúró sí òdì kejì. Ọ̀sán ọjọ́ náà ni ọmọ mú obìnrin yìí, oṣù rẹ̀ kò tíì pé.

Ó lé àwọn ọmọ kéékèèké lọ sí ilé ìwé kí wọ́n má baà rí i. Òun àti Ìbídùn ló kù. Ó mọ iṣẹ́ rẹ̀, orí ẹní ló wà tó ti ń sọ ohun tí Ìbídùn máa ṣe. Ọmọ náà bọ́, ọkùnrin ni, igbe rẹ̀ kò lágbára. Ẹ̀jẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í dà.

"Fi ọwọ́ méjèèjì tẹ inú mi," ni ìyá rẹ̀ wí. "Má gbé e kúrò o. Ohun yòówù kó ṣẹlẹ̀, má gbé e kúrò." Lẹ́yìn náà, kò sọ̀rọ̀ mọ́.

Ọmọ jòjòló náà wà lórí aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ara rẹ̀ tutù, ìjì ń fẹ́ òjò wọlé. Kò sí ẹni tí yóò nù ún, kò sí ẹni tí yóò gbé e sí àyà. Bí Ìbídùn bá gbé e, ìyá rẹ̀ yóò kú. Kì í ṣe ìmọ̀ ló wọ́n nínú ilé yẹn, ọwọ́ ni.

Ó wo ojú fèrèsé, ó rí àwọn obìnrin lẹ́yìn ọgbà. Ínnà Díje wà láàárín wọn, òjò ń pa á. Ìbídùn ya ẹnu láti pè wọ́n, ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ sì sọ sí i lọ́kàn. Ó pa ẹnu dé. Ó ní kí òun tún fara dà á díẹ̀ sí i. Nígbà tí kò gbọ́ igbe ọmọ náà mọ́ ló tó figbe ta.

Wọ́n ya ọgbà wọlé. Wọ́n gba ìyá rẹ̀ là. Ọmọ náà ti lọ.

Nígbà tí odò fà tí ọkùnrin náà dé, wọ́n ti sin ọmọ rẹ̀. Ó lọ bá Ínnà Díje, ó fẹ́ dúpẹ́, ṣùgbọ́n ìbéèrè ló jáde lẹ́nu rẹ̀.

"Ínnà, ṣé ẹ gbọ́ igbe ọmọ yẹn?"

"A gbọ́."

"Kí ló wá dé tí ẹ kò wọlé?"

Ìyá náà ń sunkún. "Ọmọ mi, a dúró pé kí ẹ pè wá. Ilé tí wọ́n ti dá igbá mi padà, ta ni mo jẹ́ tí n ó fi já wọ ibẹ̀? A rò pé ẹ kò fẹ́ ọwọ́ wa nínú nǹkan yín."



Ọkùnrin náà àti ará ilé rẹ̀ kò kúrò ní abúlé náà. Láti ìgbà náà, ohun tí àwọn ará abúlé bá gbé wá, ó ń gbà á, ó ń jẹ ẹ́, àwọn ènìyàn sì ń wọlé wá jókòó. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kan, Ìbídùn bi í pé, "Bàbá, ká ní mo tètè pè wọ́n ni, ṣé ẹ ò bá bínú?"

Ó ní, "Rárá o, ọmọ mi."

Ìbídùn wo ojú rẹ̀, ó gbé kèrègbè, ó lọ pọn omi.

Ìwọ arákùnrin mi, ìwọ ni mò ń bá wí. Gbogbo àdúgbò yìí ló mọ̀ pé olóore ni ọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí àìsàn dá ọ dùbúlẹ̀ lẹ́ẹ̀rùn tó kọjá, tí àwọn tí o ti ràn lọ́wọ́ wá kí ọ, o ní kí wọ́n sọ pé o ń sùn. Obìnrin tí ń ta èédú gbé ọsàn wá, o ní kó máa gbé e lọ tà. Àánú lo pè é. Mo rò pé ó dùn mọ́ ọ kí ọwọ́ tìrẹ nìkan máa wà lókè. Lọ bá obìnrin yẹn lónìí. Tọrọ nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀, kí o sì jẹ ẹ́ lójú rẹ̀. Má dúró di ìgbà tí igbe bá sọ nínú ilé rẹ kí o tó jẹ́ kí àwọn ènìyàn mọ̀ pé wọ́n lè wọlé.