Sípíríìn Tó Kọ̀ Láti Tẹ̀

Gbogbo wa la mọ̀ pé ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́, àbí? Oyèkànmí náà mọ̀ ọ́n. Síbẹ̀, nítorí pé àwọn àna rẹ̀ ń bọ̀ wá wo eré kẹ̀kẹ́ tó fẹ́ sá, níbi tí wọ́n ti ń sáré sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè, ó ra sípíríìn ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, èyí tó yẹ kó máa tẹ̀ béèyàn bá jókòó, ó sì ra èyí tó ki bíi ti Ajíbóyè, ògbóǹtarìgì eléré kẹ̀kẹ́ tó sanra bí àgbá.

“Ìwọ tó o tín-ín-rín bí igi ọwọ̀ yìí?” ni Baba Rẹ̀mí tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe wí. “Sípíríìn yìí kò ní mọ̀ pé ẹnì kan jókòó lé e.”

“Ẹ ṣáà bá mi dè é. Ṣé tín-ín-rín ni kí àna bá lára kẹ̀kẹ́ mi?”

Lọ́jọ́ eré, sípíríìn kò tẹ̀ rárá. Gbogbo òkúta ló ń ta á sókè; èyí tó kẹ́yìn jù ú sẹ́sẹ̀ ìyá ìyàwó rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, kẹ̀kẹ́ rẹ̀ nìkan sì ń yí bọ̀ lẹ́yìn.

Ìyá náà ní, “Ìdọ̀bálẹ̀ rẹ dára, ọmọ mi. Ta ló wá ń gun kẹ̀kẹ́ yẹn bọ̀?”

Ó yá, ìwọ òǹkàwé, jókòó lórí kẹ̀kẹ́ tìrẹ wò. Bí ẹ̀yìn rẹ̀ kò bá rẹlẹ̀ díẹ̀, lọ pààrọ̀ sípíríìn.