Ẹ̀gùn Ọdẹ́rìndé

Àṣejù, baba àṣetẹ́ ni. Àwọn ọdẹ abúlé wa kì í gbé ẹ̀gùn, ibi tí wọ́n ń jókòó ṣọ́ ẹran lórí igi, ga jù. Ọdẹ́rìndé gbé tirẹ̀ dé ṣóńṣó igi oro, ó ní ẹran ò ní gbóòórùn òun láéláé.

Olórí ọdẹ ní, "Ibẹ̀ yẹn mà ga jù."

"Baba, ẹ jẹ́ kí n kọ́ yín níṣẹ́."

Nírọ̀lẹ́, àgbọ̀nrín wá ń jẹ èso oro nísàlẹ̀. Ọdẹ́rìndé ń gbọ́ ọ, ewé nìkan ló ń rí. Ó yìnbọn lu ewé. Ọta gé okùn àkàbà rẹ̀, àkàbà ṣubú. Ẹran sá gba abẹ́ ẹ̀gùn olórí ọdẹ, Baba sì pa á.

Igbe "Ẹ gbà mí o!" ni Baba gbọ́ tí wọ́n fi gbé àgbọ̀nrín kọ́ èjìká wá sídìí igi.

"Ọ̀gá mi, ẹ sọ̀ kalẹ̀ o, ẹ wá kọ́ mi níṣẹ́."