Arọ Odi Ọ̀gán

Ní ayé ogun, nígbà tí ìlú kan kò lè fọkàn tán ìlú kejì, àwọn ará Ìlárè mọ odi kan sí ẹnu ààlà wọn, níbi tí ọ̀nà àwọn oníyọ̀ ti já sí odò Àwárá. Odi Ọ̀gán ni wọ́n ń pè é. Ògiri amọ̀ rẹ̀ ga tó ọkùnrin mẹ́ta tó gun ara wọn léjìká. Yàrà jíjìn wà lẹ́yìn ògiri, igbó ẹlẹ́gùn-ún sì wà lẹ́yìn yàrà. Bodè kan ṣoṣo ló ní, ọgọ́rin ọkùnrin ló sì ń ṣọ́ ọ, àwọn pẹ̀lú aya àti ọmọ wọn. Ẹni tó bá rí i lókèèrè á ní kò sí ogun tó lè wọ ọ́. Ṣùgbọ́n ògiri kì í dá jagun. Ènìyàn ló ń gbà á jà, ọwọ́ irú ẹni tó ṣe olórí wọn sì ni ọ̀rọ̀ wà.

Abídogun wà lára ọgọ́rin yẹn tẹ́lẹ̀. Ní ọdún kan tí òjò ba ògiri jẹ́, Jagun Olúgbódi tó jẹ́ olórí odi ní kí wọ́n máa mọ ọ́n lọ sókè kí amọ̀ ìsàlẹ̀ tó gbẹ, nítorí ó fẹ́ kí wọ́n tètè parí kí wọ́n lè lọ kọ ebè lóko òun. Ta ni kò mọ̀ pé amọ̀ tútù kò gba ẹrù? Ògiri wó lé Abídogun láti ìbàdí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Wọ́n fà á yọ láàyè, ṣùgbọ́n kò fi ẹsẹ̀ tẹlẹ̀ mọ́. Ó di arọ.

Ẹ wá gbọ́ bí wọ́n ṣe dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún-kẹtàdínlógún, Jagun máa ń to àwọn ọkùnrin sí bodè, a sì kà wọ́n níkọ̀ọ̀kan. Ẹni tí a bá kà ló ń gba iṣu láti inú àká odi. Ẹni tí a bá kà náà ni kò gbọdọ̀ fi odi sílẹ̀ láìgbàṣẹ. Bó bá lọ, ìsáǹsá ni, orí rẹ̀ ni yóò sì fi dí i. Ọjọ́ tí Abídogun kọ́kọ́ wọ́ ara rẹ̀ dé ibẹ̀, Jagun fò ó.

"Jagun, ẹ ò kà mí."

"A kì í ka arọ mọ́ ọkùnrin odi," ni Jagun wí, ó sì kọjá sí ẹni tó kàn.

Ògiri tí òun alára ní kí wọ́n mọ ló ṣẹ́ ọmọ ọlọ́mọ lẹ́sẹ̀ o! Láti ọjọ́ náà, okùn ni Abídogun ń hun jẹun lábẹ́ igi ìyeyè tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bodè, tí Àwẹ̀ró aya rẹ̀ ń bá a gbé e lọ sọ́jà.

Nígbà tí iṣu ń gbó lóko, oníyọ̀ méjì sọ ẹrù kalẹ̀ lábẹ́ igi yẹn. Wọn kò kí Abídogun. Àwọn kan rò pé ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ti kú, etí rẹ̀ náà ti kú. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ lójú rẹ̀ bí ẹni ń sọ ọ́ lójú òkúta.

"Ẹni mélòó ló ń kù sínú odi lọ́jọ́ tí olórí wọn bá ń wa iṣu?"

"Wọn kì í tó mẹ́wàá, arúgbó sì ni wọ́n. Gbogbo ìyókù ló ń kó lọ sóko. Wọ́n á fi apata sílẹ̀ nílé kí ọwọ́ lè ráyè gbá ọkọ́ mú."

"Ìgbà wo ni tọdún yìí?"

"Ọjọ́ kẹtàdínlógún òní. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi nígbà tí mo ta iyọ̀ fún un."

"Ó dára. Àwọn ènìyàn wa á ti wà nínú igbó kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó mọ́."

Wọ́n gbé ẹrù wọn. Èyí tó kéré nínú wọn fi ẹsẹ̀ ta okùn Abídogun sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n bá tiwọn lọ.

Abídogun kò dúró. Ó rá dé ilé Jagun, ó bá a níbi oúnjẹ pẹ̀lú àwọn èèyàn rẹ̀, ó sì ròyìn gbogbo ohun tó gbọ́. Jagun kọjú sí Láwúwo, alóre tó ń ṣọ́nà lórí ilé ìṣọ́.

"Láwúwo, ìwọ tí ò ń gòkè lójoojúmọ́, ṣé o rí ogun?"

"N ò rí nǹkan kan o, Jagun. Bóyá àwọn tó ń rá nílẹ̀ ló ń kọ́kọ́ rí i."

Ẹ̀rín sọ. Abídogun kò rẹ́rìn-ín. "Jagun, ẹ fi ogún ọkùnrin sílẹ̀. Ogún péré."

"Kí ikán máa jẹ iṣu mi? Ẹ̀rù ló ń bà ọ́."

"Ó ń bà mí. Bó bá dé, ta ni yóò gbé mi?"

"Ọmọ ogun kì í ru arọ," ni Jagun dáhùn. "Apata ló ń rù."

Abídogun rá padà sílé. Ó sọ ọ́ fún ará ilé ọ̀tún, ó sọ ọ́ fún tòsì. Wọ́n ní nítorí pé wọn kò kà á ló ṣe ń sọ ìsọkúsọ. Ó pe aya rẹ̀.

"Àwẹ̀ró, di ẹrù. Ìlárè là ń lọ."

"Ọ̀nà tí ẹlẹ́sẹ̀ méjì ń fi ọjọ́ méjì rìn?"

"Èmi á fi mẹ́rìnlá rìn ín. Bí mo bá dúró dìgbà tí mo gbọ́ ariwo, ibi tí mo jókòó sí ni wọ́n á ti bá mi."

"Baálé mi, n óò pọ̀n ọ́."

"O ò lè pọ̀n mí kọjá ìdí igi ìyeyè."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, oníbodè fi ọ̀kọ̀ dábùú ọ̀nà. Wọ́n ránṣẹ́ pe Jagun, èrò sì pé. "Ìsáǹsá!" ni wọ́n ń pariwo.

"Jagun," ni Abídogun wí láti ilẹ̀ tó wà, "ẹ ní a kì í ka arọ mọ́ ọkùnrin odi. Ẹni tí ẹ ò kà, báwo ló ṣe lè sá?"

Jagun tutọ́ sílẹ̀. "Ẹ ṣí i fún un. Kó máa rá lọ."

Bó ti ń lọ, ẹnìkan ké láti orí ògiri pé, "Abídogun, bí o bá pàdé ogun lọ́nà, sáré o!"

Ó fi awọ màlúù di ìdí, ó fi pátákó pẹlẹbẹ méjì sọ́wọ́. Òjò pa á, oòrùn pa á, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bó. Nígbà tí wọ́n wọ ọkọ̀ gba odò Àwárá kọjá, ó ní kí Àwẹ̀ró ṣíwájú lọ kìlọ̀ fún ọba. Àwọn ìjòyè dá a padà ní ẹnu ọ̀nà ààfin. "Níbo ni àmì Jagun?" ni wọ́n bi í. "A kì í gba ìròyìn odi lẹ́nu obìnrin oníṣòwò okùn." Ó padà wá bá ọkọ rẹ̀ lójú ọ̀nà, omijé lójú. Ọjọ́ kẹrìndínlógún ni wọ́n wọ Ìlárè.

Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún, ogun dé. Ó bá àwọn ọkùnrin odi nínú ebè Jagun, ọkọ́ lọ́wọ́ wọn, apata wọn nílé. Bodè tí wọ́n fi ń dẹ́rù ba arọ wà ní ṣíṣí gbàgà. Àwọn ọ̀tá so okùn mọ́ Jagun lọ́rùn, wọ́n kó obìnrin àti ọmọ tẹ̀lé e bí ẹran. Nítorí iṣu! Ẹni méjìlá péré ló sá dé Ìlárè, Láwúwo sì wà lára wọn.

Ṣé ẹ rò pé àwọn ìjòyè tó dá Àwẹ̀ró padà tijú? Àwọn gan-an ló ní kí wọ́n wọ́ Abídogun wá síwájú ọba.

"Báwo ni arọ ṣe mọ ọjọ́ ogun?" ni wọ́n wí. "Òun ló ta odi! Ẹ bẹ́ ẹ lórí!"

"Mo sọ fún Jagun!" ni Abídogun kígbe. "Mo bẹ̀ ẹ́!"

"Ta ni ẹlẹ́rìí rẹ?"

Abídogun wo Láwúwo. Láwúwo wo ilẹ̀. Ó mọ̀ pé bí òun bá lanu, ìtìjú òun ni. Ìgbà tí ẹni tó mú idà sún mọ́ arọ ló tó dìde.

"Ẹ fi í sílẹ̀. Ó sọ ọ́, mo wà níbẹ̀, mo fi í ṣẹ̀rín. Àwa tí a lẹ́sẹ̀ àti òun tí kò ní, ọjọ́ kan náà la gbọ́ pé ogun ń bọ̀. Òun nìkan ló gbọ́n nínú wa. Bí ẹ bá máa bẹ́ orí, tèmi rèé."

Ọba ní kí wọ́n ti idà bọ àkọ̀. Abídogun yí ara padà, ó rá kọjá láàárín àwọn ìjòyè, ìró pátákó ọwọ́ rẹ̀ ń dún nílẹ̀ ààfin, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó lè gbójú sókè.

Ọ̀rọ̀ Láwúwo ló jáde láàfin lọ́jọ́ náà tó bọ́ sí ẹnu àwọn àgbà, tí wọ́n fi ń pa á lówe títí di òní olónìí pé: ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n.