Tíṣà Tó Ń Kọ́ Pátákó

Tíṣà Adétòóyè mọ ìṣirò bí ẹní mowó, ṣùgbọ́n pátákó ló máa ń kọ́, kì í ṣe àwọn ọmọ. Bó bá ti kọjú sí i, ó di ìgbà tí agogo bá lù. Láìwẹ̀yìn, á bèèrè pé, "Ṣé ó yé yín?" Àwọn ọmọ á sì hó yèè pé, "Ó yé wa, sà!"

Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá àgbà ilé-ìwé, Ìyáàfin Abọ́dúnrìn, yọ́ wọlé, ó jókòó sẹ́yìn. Tíṣà tún bèèrè ìbéèrè rẹ̀. Ohùn kan dáhùn pé, "Kò yé mi o."

"Olódo wo nìyẹn? Dìde dúró!"

Tíṣà yíjú padà. Ọ̀gá ló dìde. Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín, òógùn bo Tíṣà.

"Ẹ dákun, mà."

"Tíṣà, ojú lọ̀rọ̀ wà. Ìpàkọ́ yín nìkan là ń rí láti àárọ̀."

Lọ́jọ́ kejì, Tíṣà kọjú sí àwọn ọmọ. Wọ́n hó "Ó yé wa!" bí ìṣe wọn, ṣùgbọ́n ó rí Ìbíyẹmí tí ojú rẹ̀ ń ṣe rá-rà-rá.

"Ìbíyẹmí, ṣé lóòótọ́ ló yé ọ?"

Ọmọ náà wolẹ̀. "Láti ìbẹ̀rẹ̀ táàmù ni kò ti yé mi, sà."

Ni ọwọ́ mọ́kàndínlógún bá nà sókè: "Èmi náà, sà!"

Tíṣà mí kanlẹ̀, ó fa àga sún mọ́ wọn, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ látorí ení, èjì.