Ọjọ́ tí Wọ́n Fẹ́ Fa Ẹ̀gẹ́ Ìyá Àdùnọlá Tu

Ní ìlú Ìgbó-Àgbọn, ẹ̀gẹ́ ni gbogbo ilé ń jẹ, òun náà sì ni gbogbo ilé ń tà. Opó ni Ìyá Àdùnọlá. Oko rẹ̀ kò tóbi, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kì í kúrò níbẹ̀. Ọmọ-ọmọ rẹ̀, Mojíròlá, ló ń bá a gbé, oko kékeré yẹn ló sì ń bọ́ àwọn méjèèjì. Mojíròlá wà ní kíláàsì àṣekágbá ní ilé ẹ̀kọ́ girama ìlú náà. Bí ọmọ náà bá rí kòkòrò lójú ọ̀nà, àfi kó dúró wò ó, bí wọ́n tilẹ̀ rán an níṣẹ́ kíákíá.

Lọ́dún kan, àrùn wọ inú ẹ̀gẹ́. Ewé ń ká kò, ó ń yọ àbàwọ́n bí àwọ̀ ìyeyè. Ẹgbẹ́ àgbẹ̀ ṣèpàdé, wọ́n ní oko tí àrùn bá ti pọ̀ jù lọ, kí wọ́n fa gbogbo ẹ̀gẹ́ ibẹ̀ tu kó má baà ràn ká ìlú. Ṣùgbọ́n ta ni yóò jẹ́wọ́ pé tòun ló pọ̀ jù? Olúkúlùkù ń nàka sí oko aládùúgbò. Wọ́n bá gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá Ọ̀gbẹ́ni Fálégàn, tíṣà sáyẹ́ǹsì, nítorí wọ́n gbọ́ pé ó ní ètò kọ̀ǹpútà kan tó máa ń wo fọ́tò ewé, tí yóò sì sọ bí àbàwọ́n ara rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó.

Lóòótọ́ ló ní in. Àmọ́ nígbà tí tíṣà ṣí i, àsìkò tí ilé ẹ̀kọ́ sanwó fún ti parí, ètò náà sì tilẹ̀kùn mọ́ ọn lójú. Owó tí wọ́n ń bèèrè kì í ṣe èyí tí ilé ẹ̀kọ́ tí òrùlé rẹ̀ ń jò lè dá lábàá. Tíṣà káwọ́ lérí.

Mojíròlá tó dúró nítòsí ní, “Sà, ẹ jẹ́ ká wá irú rẹ̀ tó jẹ́ ọ̀fẹ́. Àwọn onímọ̀ kan máa ń ṣe é, wọ́n á sì gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́.”

“Ọ̀fẹ́ kẹ̀? Kí ló wà nínú ọ̀fẹ́ bí kò ṣe wàhálà?”

Síbẹ̀, ó gbà fún un. Wọ́n wá a títí. Òmíràn kọ̀ láti ṣí lórí kọ̀ǹpútà àtijọ́ wọn. Òmíràn á ṣiṣẹ́ díẹ̀, á tún na ọwọ́ pé kí wọ́n mówó wá. Níkẹyìn, wọ́n rí èyí tó jẹ́ ọ̀fẹ́ pátápátá, ó sì ń wọ̀n àbàwọ́n ewé lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ka àgbàdo.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ túká sí gbogbo oko ìlú, títí kan ti ilé ẹ̀kọ́, pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́. Mojíròlá ní òun lòun máa ya fọ́tò oko ìyá òun. Nítorí ìfẹ́, kò kánjú. Ó lóṣòó ti ewé kọ̀ọ̀kan, ó sún fóònù mọ́ ọn kí ohunkóhun má baà pamọ́. Àwọn yòókù tí wọ́n ń bẹ̀rù ejò dúró gbọnrangandan, wọ́n yà á láti òkè, wọ́n sì sáré lọ jẹun.

Nígbà tí èsì jáde, oko Ìyá Àdùnọlá ni àrùn pọ̀ sí jù lọ, kò tilẹ̀ sí èyí tó sún mọ́ ọn. Àánú ọmọ náà ṣe mí. Fọ́tò tó fi gbogbo ọkàn yà ni wọ́n fẹ́ fi ba oko ìyá rẹ̀ jẹ́.

Ìyá náà ló tún ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. “Má sunkún mọ́, ọkọ mi. Bó bá jẹ́ òótọ́, kí wọ́n fà á tu. Mi ò mọ ohun tá a máa jẹ, ṣùgbọ́n mi ò ní jẹ́ kí àrùn oko mi pa oko ẹlòmíì.”

Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ fà á tu, Mojíròlá padà sí ìdí kọ̀ǹpútà. Ó wo fọ́tò àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀: ewé tiwọn kéré. Tirẹ̀ kún ojú kọ̀ǹpútà fọ́fọ́. Ó jáde síta. Ó já ewé kan, ó yà á nítòsí, ó tún yà á lókèèrè. Ewé kan náà ni o, ṣùgbọ́n èyí tó yà nítòsí ni kọ̀ǹpútà sọ pé àbàwọ́n rẹ̀ fẹ̀ jù. Ó wá ka ìtọ́ni tí gbogbo wọn ti fò kọjá. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé kí ẹni tó ń ya fọ́tò fi rúlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ewé, kó sì sọ fún kọ̀ǹpútà bí rúlà náà ṣe gùn tó. Ètò olówó tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀ ní pátákó ìwọ̀n tirẹ̀ tí wọ́n ń tẹ́ ewé lé, ìdí nìyẹn tí kò fi sí ẹni tó rántí ìwọ̀n.

Ó mú rúlà kan dání, eré ló sá dé oko, níbi tí tíṣà àti àwọn àgbẹ̀ péjọ sí. Wọ́n ti fa ẹ̀gẹ́ orí ebè bíi mélòó kan tu.

“Ẹ dúró! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró! Àwa la ò wọ̀n ọ́n dáadáa!”

Bó ṣe ṣàlàyé tán, tíṣà fúnra rẹ̀ gba rúlà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n tún gbogbo oko yà. Ẹ̀gẹ́ Ìyá Àdùnọlá tó ṣàìsàn kò ju díẹ̀ lọ. Oko tí àrùn pọ̀ sí jù lọ, ẹ má rẹ́rìn-ín o, oko ilé ẹ̀kọ́ ni. Tíṣà ló kọ́kọ́ ká apá aṣọ rẹ̀ sókè tó bẹ̀rẹ̀ sí í fà á tu.

Inú Bàbá Akínṣìpẹ̀, alága ẹgbẹ́ àgbẹ̀, kò dùn. Ó lọ bẹ Ìyá Àdùnọlá níbi tó ti ń gé igi ẹ̀gẹ́ tí kò lárùn nínú èyí tí wọ́n fà tu láti tún un gbìn. Ó ní, “Ẹ má bínú, ìyá. Kí àwọn ọmọ yìí lọ da nǹkan ọ̀fẹ́ yẹn nù. Díẹ̀ ló kù kó ba tiyín jẹ́.”

Ìyá ní, “Kí ni nǹkan ọ̀fẹ́ ṣe? Bí alágbẹ̀dẹ bá fi ọkọ́ ta yín lọ́rẹ, ṣebí irin lásán ló máa gbé fún yín? Bẹ́ ẹ bá wá di irin yẹn mú láìgbẹ́ èèkù sí i, tẹ́ ẹ fi kọ ebè, tó gé yín lọ́wọ́, ṣé alágbẹ̀dẹ lẹ máa bá jà?”

Alága bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó bá a gbìn ín.

Láti ìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni bá rí ohun ọ̀fẹ́ gbà ní Ìgbó-Àgbọn, tó sì ń ráhùn pé kò pé, àwọn àgbà ibẹ̀ a máa pa á lówe fún un pé: “Ẹni tí a fi ọkọ́ ta lọ́rẹ ni yóò gbẹ́ èèkù rẹ̀.”