Oòrùn Tí Olóyè Láníhùn Béèrè

Ní Agbédé, wọ́n ṣì ń sọ ohun tí Ìyùnadé onífọ́tò fi ọgbọ́n ṣe fún Olóyè Láníhùn, onílé rẹ̀. Olóyè fẹ́ gba ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ rẹ̀ fún àbúrò ìyàwó rẹ̀, ló bá dúró dìgbà òjò, ó ní, “Bí fọ́tò mi nínú oòrùn, níwájú ilé tuntun mi, kò bá sí lọ́wọ́ mi lọ́sàn-án Sátidé, kó ẹrù rẹ jáde.” Láti àárọ̀ Ọjọ́ Ajé ni Ìyùnadé ti gbé àpótí àti agbòjò lọ síwájú ilé náà, ó jókòó, ó ń wo òkè. Nígbà tó di Ọjọ́bọ, ìkùukùu ya, oòrùn yọjú. Kíá ló kan ilẹ̀kùn: “Baba, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọ agbádá yín, kí n wo ibi tí òjìji yín máa bọ́ sí.” Olóyè rẹ́rìn-ín, ó wọ̀ ọ́, ó dúró. Kámẹ́rà dún lẹ́ẹ̀mẹta. Olóyè ní, “Kí nìyẹn?” “Mò ń dán an wò ni, Baba.” Lọ́sàn-án Sátidé, òjò ń rọ̀ bí ẹni tú u. Olóyè ní, “Oòrùn dà?” Ìyùnadé fa fọ́tò yọ nínú ọ̀rá. “Òun rèé, Baba. Ẹ ní kó wà lọ́wọ́ yín lónìí, ẹ ò sọ ọjọ́ tí n ó yà á.” Olóyè wò ó títí, ó ní kí àbúrò ìyàwó òun wá ṣọ́ọ̀bù lọ síbòmíràn. Ó wá béèrè pé, “Báwo lo ṣe mọ̀ pé oòrùn máa yọ ní Ọjọ́bọ?” “Mi ò mọ̀, Baba. Mo kàn wà níbẹ̀ nígbà tó yọ ni.”