Afọ́jú Wọ Kànga

Oyèéníran kò lè dúró, kò lè jókòó. Àbẹ̀jẹ́, ìyàwó rẹ̀, ti já sínú kànga àdúgbò níbi tó ti ń fami, igbe rẹ̀ sì ti ń rẹlẹ̀. Ọkùnrin méjì ti gbìyànjú láti sọ̀ kalẹ̀, ṣùgbọ́n òkùnkùn inú kànga lé wọn padà.

Bàbá Làmídì, agbẹ́kànga tí ojú rẹ̀ fọ́ lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, fi ọ̀pá wá ọ̀nà dé ibẹ̀. "Ẹ so okùn mọ́ mi níbàdí. Mo ń lọ gbé e."

"Ẹ̀yin kẹ̀, Bàbá? Ṣé ẹni méjì la ó wá máa yọ ni?" Oyèéníran yìí náà ló sọ nípàdé àdúgbò pé kí afọ́jú má ṣe dé ìdí kànga mọ́.

Bàbá gba okùn, ó so ó mọ́ ìbàdí ara rẹ̀. Ó fi ẹsẹ̀ wá àwọn ihò tí òun fúnra rẹ̀ gbẹ́ sára ògiri kànga náà. Ó tẹ ọ̀kan, ó tẹ èkejì, ó wọlẹ̀ lọ.

Nígbà tí okùn mì, wọ́n fà á. Àbẹ̀jẹ́ ló yọ. Bàbá ti tú okùn ìbàdí tirẹ̀ fún un. Òun fúnra rẹ̀ fẹsẹ̀ gun ògiri jáde.

"Bàbá, báwo lẹ ṣe rántí gbogbo ihò yẹn?" Oyèéníran bi í.

"Rántí kẹ̀? Afọ́jú tó ní òun ó sọ̀kò, ó ti fẹsẹ̀ tẹ òkúta. Láti ọjọ́ tó o ti lé mi, ta lo rò pé ó ń wọ ibẹ̀ ní ìdájí, tó ń kó ẹrẹ̀, tí omi tẹ́ ẹ ń mu fi ń mọ́ gaara?"